Àwọn Sọ́jà Ilé Wa: Orúkọ Wọn Dà?



Victoria Cross ni àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún sọ́jà tó bá ṣe akin lójú ogun. Ọdún 1856 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà bá wọn ja ogun Burma, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ò gbà á. Ṣé ojo ni wọ́n ni? Rárá o! Sọ́jà tí ọ̀gá ẹ̀ ò bá kọ̀wé nípa ẹ̀, ta ló máa mọ ohun tó ṣe?

Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrẹ̀-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1942, ọmọ ọdún 16 péré. Ní 1944, ìbọn bà á ní Burma. Bí oṣù mẹ́sàn-án ló fi sá pamọ́ láàárín ọ̀tá, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Kò gba Victoria Cross, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìtàn náà sínú ìwé. Ìyẹn la fi mọ̀ ọ́n lónìí.

Àwa ńkọ́? Èmi gan-an jẹ̀bi. Nígbà tá a ń tún ilé bàbá ńlá wa ṣe, a da àpótí wọn nù láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ kejì ni ìyá àgbà sọ pé ìwé sọ́jà wọn wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí 15 January, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, tó pé, ẹ ya fọ́tò ìwé, àwòrán àti àmì-ẹ̀yẹ sọ́jà ilé yín. Ẹ kọ orúkọ wọn àti agbo ilé wọn sí i, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ọ̀dọ́. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà.

Ìnísà á gòkè o!