Àpò Kékeré Tó Ń Dáàbò Bo Òróró

  Ọ̀rọ̀ òróró ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí a bá fún òróró ẹ̀pà, tí a rọ ọ́ sínú ìgò, tí a gbé ìgò náà sí ojú oòrùn ní ọjà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i? Kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Adùn rẹ̀ yóò lọ. Bí a bá tọ́ ọ wò, yóò máa ta wá ní ọ̀fun. Oníbàárà tó bá gbóòórùn rẹ̀ yóò kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá tó fún un yóò dín owó rẹ̀ kù, tàbí kí ó dà á pọ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Bó bá dín owó kù, ó pàdánù. Bó bá dà á pọ̀, ó tún pàdánù, nítorí pé èyí tó ti bàjẹ́ yóò ba tuntun jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òrí tí wọ́n ń kó wá láti Ṣábẹ̀ àti òkè lọ́hùn-ún. Òrí lè wà nínú igbá fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó bàjẹ́. Kí ló dé? Ṣé òrí kì í ṣe ọ̀rá bíi ti òróró ni?

Ọ̀rá ni àwọn méjèèjì. Àmọ́ ohun tó wà nínú wọn kò rí bákan náà. Okùn tín-ín-tín tí ojú wa kò lè rí ló para pọ̀ di ọ̀rá. Àwọn onímọ̀ ń pe okùn wọ̀nyí ní ásíìdì ọ̀rá. Àwa yóò máa pè wọ́n ní okùn ọ̀rá. Okùn kan wà tí kò ní ojú kankan tó ṣí sílẹ̀. Òmíràn ní ojú kan tó ṣí. Òmíràn ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tó ṣí yìí ni atẹ́gùn ń bá wọlé láti ba ọ̀rá jẹ́.

Nínú òrí, okùn tó ní ojú méjì kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nínú òróró ẹ̀pà, ó lè tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Òróró sójà tún ju ìyẹn lọ. Ti ẹja ló wá ga jù: okùn kan wà nínú ọ̀rá ẹja tó ní ojú mẹ́fà! Ìdí nìyí tí ọ̀rá ẹja fi máa ń tètè rùn.

Báwo ni atẹ́gùn ṣe ń bà á jẹ́? Ẹ ti rí iná tó ń jó pápá nígbà ọyẹ́. Koríko kan gbiná, ó ran èkejì, èkejì ran ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òróró ṣe ń bàjẹ́. Okùn kan tó ti bàjẹ́ yóò ba èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Oòrùn, ooru àti irin tó dípẹtà ló máa ń mú kí ó yára.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ó dára, kí a máa jẹ òrí nìkan, kí a fi òróró tó ń tètè bàjẹ́ sílẹ̀.” Rárá o. Àwọn okùn tí ojú wọn ṣí wọ̀nyí gan-an ni ara wa ń wá. Ní ọdún 1929, ọkọ àti aya kan, George àti Mildred Burr, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, bọ́ eku ní oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá rárá. Awọ ara àwọn eku náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó, wọn kò sì dàgbà bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé okùn tó ní ojú méjì ni ara àwọn eku náà ń fẹ́. Ara ènìyàn náà kò lè fúnra rẹ̀ ṣe okùn yìí. Inú oúnjẹ ló ti gbọ́dọ̀ wá. Okùn tó ní ojú mẹ́fà, èyí tó wà nínú ẹja, wà nínú ọpọlọ ọmọ àti nínú ẹyinjú rẹ̀.

Ẹ rí i pé èyí tó ṣe ara lóore jù ni ó tún ń tètè bàjẹ́ jù. Kí wá ni ṣíṣe?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ẹ̀pà fúnra rẹ̀. Òróró inú ẹ̀pà kò kàn dà sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí omi inú ìkòkò. Inú àpò kéékèèké ló wà. Àpò kọ̀ọ̀kan ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tirẹ̀. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti to ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n tó gùn tó mílímítà 1. Lẹ́yìn àpò yìí, awọ pupa wà lára ẹ̀pà. Lẹ́yìn awọ pupa, èèpo líle wà. Nítorí náà ni ẹ̀pà inú èèpo ṣe lè pẹ́ nílé. Ọjọ́ tí a bá gún un tàbí tí a lọ̀ ọ́ ni àwọn àpò náà bẹ́, tí òróró àti atẹ́gùn sì pàdé.

Ọmú ìyá náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá inú rẹ̀ wà nínú wóró kéékèèké tó ní awọ, ìdí nìyẹn tí ó fi lè wà nínú omi láìdúró lọ́tọ̀. Ti màlúù kò yàtọ̀. Ẹ ti rí i bí àwọn ìyá Fúlàní ṣe ń po wàrà nínú igbá. Bí wọ́n bá pò ó pẹ́, awọ àwọn wóró náà á ya, ọ̀rá inú wọn á sì so pọ̀ di bọ́tà.

Iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ wá ń fara wé. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, dókítà kan tó ń jẹ́ Arvid Wretlind wá ọ̀nà láti fún aláìsàn tí kò lè jẹun ní ọ̀rá. A kò lè rọ òróró lásán sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, yóò pa ènìyàn ni. Ohun tó ṣe ni pé ó fọ́ òróró sójà sí wẹ́wẹ́, ó sì fi ohun kan láti inú ẹyin adìyẹ, ní apá tó pupa, bo wóró kọ̀ọ̀kan. Ohun inú ẹyin yìí máa ń fi ọwọ́ kan di òróró mú, ó ń fi ọwọ́ kejì di omi mú. Láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ń lò ó, orúkọ rẹ̀ ni Intralipid. Kì í ṣe ohun tí a ń dán wò nílé.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Rainer Müller ní Jámánì àti Maria Rosa Gasco ní Ítálì gbé e síwájú sí i. Ọ̀rá tó le, irú èyí tó dì bí òrí, ni wọ́n fi ṣe wóró tiwọn. Wọ́n kéré ju ti inú ẹ̀pà lọ: 10,000 irú èyí tó kéré nínú wọn ni a óò tò kí ó tó gùn tó mílímítà 1. Ní Faransé, wọ́n ń pè é ní nanoparticule. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Wóró tó kéré gan-an ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́bàá wa níhìn-ín, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Nsukka ní Nàìjíríà ti fi ọ̀rá inú ààpọ̀n ṣe wóró kéékèèké láti fi gbé oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ààpọ̀n tí a fi ń se ọbẹ̀!

Kí ni èrè rẹ̀? Bí a bá fi òróró tó ń tètè bàjẹ́ sí àárín ọ̀rá tó le, atẹ́gùn kò ní lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì dé inú ikùn, òróǹro àti omi inú ìfun yóò rí ọ̀nà dà á, nítorí ó ti wà ní wẹ́wẹ́.

Àmọ́ iṣẹ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí Àkàbà Ìdèna, ẹnubodè ìlú Kétu, àti odi tí àwọn baba wa mọ yí ìlú ká. Bí ìlú kan bá pín sí abúlé ọgọ́rùn-ún, odi tí wọn yóò mọ yóò pọ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni òróró. Nígbà tí a bá fọ́ ọ sí wóró kéékèèké, ibi tí atẹ́gùn lè gbà kàn án ti pọ̀ sí i. Bí awọ rẹ̀ kò bá dára, òróró náà yóò tètè bàjẹ́ ju èyí tó wà nínú ìgò lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bí ọ̀rá líle náà bá ṣe ń dì, yóò máa ti òróró inú rẹ̀ jáde. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń po ọ̀rá tó le àti èyí tó ń ṣàn pọ̀, kí ó má baà dì jù. Wọ́n tún ń fi fítámì E sí i, èyí tó ń pa iná tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Epo pupa wa ní fítámì yìí láti ilẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tí ẹ rántí àkókò àrùn kòrónà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára Pfizer ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà tètè ń bàjẹ́, inú wóró ọ̀rá ni wọ́n fi í sí kí ó lè dé inú ara. Ti abẹ́rẹ́ kì í ṣe òróró, ṣùgbọ́n àpò náà jọra.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Àpò tí Ọlọ́run fún ẹ̀pà ti tó wa lò. Ẹ sá ẹ̀pà yín kí ó gbẹ dáadáa, nítorí èyí tó bá hu, májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í sínú èèpo rẹ̀. Ẹ má pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fún gbogbo òróró lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀n tí ẹ lè tà kí ọjà tó ń bọ̀ tó dé ni kí ẹ fún. Ẹ rọ ọ́ kún ìgò tàbí bídọ́ọ̀nù dé ẹnu, kí àyè má ṣẹ́kù fún atẹ́gùn. Ẹ dé e. Ẹ gbé e sí ibi tó tutù, tó sì ṣókùnkùn. Agolo tó ti dípẹtà kò dára fún un. Bídọ́ọ̀nù tí òróró àtijọ́ wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ pátápátá, kí ẹ tó rọ tuntun sí i. Ẹja odò Wẹ̀mẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ ní tútù bí ó bá ṣeé ṣe, pàápàá aboyún àti ọmọdé.

Ìyá kan ní kíláàsì wa béèrè pé, ṣé a lè ṣe wóró ọ̀rá yìí nínú ilé? A lè rí irú rẹ̀ tó tóbi. Ẹ mú ẹyin kan, ẹ yọ apá pupa rẹ̀, ẹ máa da òróró sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa lù ú kíákíá. Òróró kò ní léfòó mọ́, yóò ki bí ẹ̀kọ. Ẹyin ti bo àwọn wóró òróró náà nìyẹn. Wọ́n ṣì tóbi jù ti Wretlind lọ fíìfíì, ẹyin tútù kì í sì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru wa. Ẹ fi dán an wò kí ẹ rí i, kí ẹ sì sè é lọ́jọ́ náà.