Imú Ọkọ̀ Tí Ó Wúwo Jù: Ikú Wiley Post àti Will Rogers ní Alaska

Irú ọkọ̀ òfúrufú kan wà tí kì í wá pápá kí ó tó balẹ̀. Dípò ẹsẹ̀ onítáyà, ohun gígùn méjì tí inú wọn ṣófo, tí wọ́n rí bí ọkọ̀ ọpọ́n, ni a so mọ́ ọn nísàlẹ̀, tí ó fi lè bà sórí omi bí pẹ́pẹ́yẹ. Ní Alaska, ní ìkangun àríwá Amẹ́ríkà, adágún omi ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, ọ̀nà mọ́tò kò sì dé ọ̀pọ̀ ìletò. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń kó ọjà lọ síbẹ̀, òun náà ni ó ń gbé aláìsàn. Irú rẹ̀ náà ni Wiley Post àti Will Rogers bá kú ní ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, ọdún 1935.

Post jẹ́ awakọ̀ òfúrufú tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ níbi iṣẹ́ epo. Síbẹ̀, ní ọdún 1933, òun nìkan fi ọkọ̀ yí ayé po láàárín ọjọ́ 7, wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 49. Kò sí ẹni tí ó dá a ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Rogers jẹ́ apanilẹ́rìn-ín, òṣèré sinimá àti òǹkọ̀wé nínú ìwé ìròyìn, tí tọmọdé tàgbà ní Amẹ́ríkà fẹ́ràn.

Ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ ni kí á yẹ̀ wò. Àdàlù ni. Ara rẹ̀ jẹ́ ti Lockheed Orion, apá rẹ̀ jẹ́ ti Lockheed Explorer, ilé-iṣẹ́ Lockheed fúnra rẹ̀ sì ti kọ̀ láti so wọ́n pọ̀. Nígbà tí Post dé Seattle, bàtà omi tí ó ń retí kò tètè dé, ni ó bá fi òmíràn, tí a ṣe fún ọkọ̀ tí ó tóbi jù ú lọ, sí i. Àwọn àgbà ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pàṣẹ sùúrù fún ẹni tí ó ti dá ayé yí po?

Báyìí ni imú ọkọ̀ náà ṣe wúwo jù. Ẹ wo aláàárù tí ó ru apẹ̀rẹ̀, tí ẹrù inú rẹ̀ sì sún síwájú. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá fi ọwọ́ fa ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ náà wálẹ̀, yóò máa rìn lọ. Bí ọwọ́ bá yẹ̀, apẹ̀rẹ̀ yóò dojú bolẹ̀. Ìrù ni ọwọ́ yìí lára ọkọ̀ òfúrufú, atẹ́gùn tí ń fẹ́ kọjá lára rẹ̀ sì ni agbára rẹ̀. Bí ẹ̀ńjìnnì bá kú nígbà tí ọkọ̀ kò tíì yára, tí kò sì tíì ga, atẹ́gùn náà dínkù, imú a sì re ilẹ̀ kí awakọ̀ tó rí àyè tún un ṣe.

Lọ́jọ́ náà, kùrukùru bo etíkun. Post bà láìséwu sórí ọ̀sà kékeré kan ní Walakpa láti bèèrè ọ̀nà ìlú Barrow. Ọdẹ kan tí ó jẹ́ Inupiat, Clair Okpeaha, tí òun àti ìdílé rẹ̀ pàgọ́ síbẹ̀, júwe ọ̀nà fún wọn. Ìlú náà kò jìnnà mọ́ rárá. Wọ́n gbéra. Kò pẹ́ tí wọ́n kúrò lójú omi ni ẹ̀ńjìnnì dákẹ́. Ọkọ̀ náà forí sọ ọ̀sà, ó dojú dé nínú omi tí kò jìn. Okpeaha ké sí wọn, kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó fi ẹsẹ̀ sáré ju máìlì mẹ́wàá lọ sí Barrow, níbi tí Stanley Morgan, ọmọ-ogun tí ń ṣiṣẹ́ wáyálẹ́sì, ti fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí ayé.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ di ẹ̀bi ru ojú kan ṣoṣo tí Post ní, kí ó rántí pé ojú kan náà ni ó fi yí ayé po. Ẹ̀ńjìnnì pẹ̀lú lè kú mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n omi wà nísàlẹ̀ wọn, bàtà omi sì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ká ní imú rẹ̀ kò wúwo ni, ó ṣeé ṣe kí Post rọra dá a padà sórí ọ̀sà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Láti ọdún 2016 ni Barrow ti gba orúkọ rẹ̀ àtijọ́ padà, Utqiaġvik. Pápá ọkọ̀ òfúrufú ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì tí wọn kò dé ìlú náà.