Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Sùn: Oorun Àwọn Àgbà ní Wọ́ọ̀dù Ọsibítù



Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ba ilé jẹ́ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún lọ sí ọsibítù nítorí òtútù àyà. Oògùn ń ṣiṣẹ́, ara gbígbóná ń wálẹ̀. Nígbà tó di òru ọjọ́ kẹta, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ kántankàntan, ó ń pe orúkọ àwọn tó ti kú, ó ń fa dírípù yọ, kò dá ọmọ tó bí mọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan nínú ẹbí á ti sọ pé ìyá ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Orúkọ burúkú yẹn ni ọ̀pọ̀ ìyá gbé wọ sàréè.

Àìsàn ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn dókítà ń pè é ní delirium. Arán kọ́, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni arán fi ń wọlé, ọdún dé ọdún. Èyí lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, ó lè rọ̀ lọ́sàn-án kó tún le lóru. Kòkòrò àìsàn, àìmu omi tó, ìrora, ìgbẹ́ tí kò yà, oògùn mìíràn pàápàá, lè fà á. Àìsùn sì ń ti gbogbo wọn lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ara ìtọ́jú ni oorun jẹ́ ní wọ́ọ̀dù, bí abẹ́rẹ́ ti jẹ́ ìtọ́jú.

Àwọn kan ní àgbàlagbà kò nílò oorun púpọ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí 7 sí 8 ni wọ́n ń dámọ̀ràn fún ẹni tó ti kọjá ọdún 65. Oorun àsùnwọra ló ń dínkù bí ọjọ́ orí ti ń ga. Oorun tètè ń kun àgbà, ó tètè ń jí, ìtọ̀ sì ń gbé e dìde. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la wá gbé sábẹ́ iná tó ń tàn mọ́jú, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ariwo wọ́ọ̀dù má kọjá desibẹ́ẹ̀lì 30 lóru, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Láàjìn, wọ́n jí bàbá láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí, wọ́n tún jí i láti wẹ̀ ẹ́, kí àwọn tó ń bọ̀ níṣẹ́ àárọ̀ lè bá wọ́ọ̀dù ní mímọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, oníwàásù náà á ti wọ wọ́ọ̀dù. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwàásù àti àdúrà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Ẹ tún wo Lasix, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀. Bí wọ́n bá fún bàbá ní ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, ilé ìtọ̀ ni yóò máa lọ títí di ìdájí, nínú òkùnkùn, lórí ẹsẹ̀ tí kò lágbára. Bí dókítà bá lè fi ti ẹ̀ẹ̀kejì sí aago méjì ọ̀sán, oorun bàbá ti padà, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Valium, oògùn tó ń mú èèyàn sùn, ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń bẹ nọ́ọ̀sì fún. Lára àgbàlagbà, oògùn yìí lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó jáde tán. Ó lè gbé e ṣubú kí egungun ìbàdí dá, ó sì lè da ọkàn rẹ̀ rú sí i. Láti ọdún 1991 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Mark Beers, ti kọ́kọ́ ṣe àkójọ àwọn oògùn tó yẹ kí àgbà yẹra fún. Irú Valium àti Phenergan, tí òun náà ń mú oorun kunni, wà nínú àkójọ náà títí dòní. Ẹni tó bá sì ti ń lo Valium láti ọjọ́ pípẹ́ kò gbọdọ̀ dédé dá a dúró láìbá dókítà sọ ọ́.

Kí ni ká wá ṣe? Ní ọdún 1999, dókítà Sharon Inouye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 852 tí wọ́n ti pé 70 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún apá kan wọn ní ìtọ́jú tuntun. Mílíìkì gbígbóná tàbí tíì ewé lálẹ́, orin jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn tí wọ́n bá wọn ra, àkókò oògùn tí wọ́n sún kúrò lóru, ariwo tí wọ́n dínkù: èyí ni ti oorun. Wọ́n tún ń mú wọn rìn, wọ́n ń fún wọn lómi, wọ́n ń rí i pé awò ojú wọn wà nítòsí. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, 15 ni ọkàn wọn dàrú. Nínú àwọn tó rí ìtọ́jú tuntun yìí, kò pé 10.

Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tàbí ìyàwó ti wà ní ọsibítù, kọ́rídọ̀ la ń lé wọn sí lóru. Ọsibítù UCH ní Ìbàdàn ṣí Chief Tony Anenih Geriatric Centre fún ìtọ́jú àwọn àgbà ní ọdún 2012, mo sì yìn wọ́n; ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù gbogboogbò ni ọ̀pọ̀ àgbà ilẹ̀ wa ń sùn. Ẹ̀yin aláṣẹ ọsibítù, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tí àgbà náà mọ ohùn rẹ̀ dúró tì í.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé wọn jókòó sẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, kí ìmọ́lẹ̀ lè kọ́ ọpọlọ wọn pé ọ̀sán ni, kí wọ́n má baà fi ojúmọmọ sùn tán. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bá sì yí padà lójijì, ẹ má pe àpérò ẹbí. Ẹ sáré bá nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì sọ fún un pé: “Màmá wa kò rí báyìí lánàá.”