BÍ RÉLÙWÉÈ ÈÉDÚ ṢE KÓ WA DÉ ENUGU
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ìkówójọ fún kíkọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé wa



Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bí a ṣe dé ìhín. A kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni a kà kí a tó bọ́ sí ọjà. Ohun tí ojú wa rí, àti èyí tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa, ni a fẹ́ sọ.

Ohun kan ni ó mú kí a gbà. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ-ọmọ wa kan ti ilé ìwé dé pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n ń jà nídìí bọ́ọ̀lù, ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá bi í pé, "Ta ni ó pè yín wá síbí?" Ọmọ náà bi wá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. A wo ara wa lójú, kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn dáadáa. Ìdáhùn rẹ̀ ni a mú wá lónìí.

Èédú ni ó pè wá. Ní ọdún 1909, àwọn òyìnbó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán láti yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò rí èédú ní agbègbè Udi. Ṣáájú ìgbà náà, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èédú tí rélùwéè Èkó ń jó wá. Nígbà tí wọ́n rí i nílẹ̀ wa, ó ku bí yóò ṣe dé etíkun. Wọ́n wá ibi tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí, wọ́n tẹ èbúté dó síbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Port Harcourt ní ọdún 1913, ní orúkọ òyìnbó kan tí ó jẹ́ mínísítà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti ibẹ̀ wá sókè. Ó gba Aba, ó gba Umuahia, ó gba Agbani, ó sì wọ Enugu ní ọdún 1916. Máìlì 151 ni. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú láti ọdún 1915, nítorí náà bí irin ti ń dé ni èédú ń lọ.

Ẹ gbọ́ dáadáa o. Àwọn ará Ngwo àti Nike ni wọ́n ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. Àwọn ni onílé, a kò bá wọn du ú. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá tí a ń pè ní Enugu lónìí, èédú àti rélùwéè ni ó kó o jọ. Àlejò pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́ ọ, àwa náà sì wà níbẹ̀.

Kí ni ó kan Yorùbá? Rélùwéè ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ti ṣáájú. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí irin yóò fi dé Enugu, àwọn ènìyàn wa ti mọ iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ títa tíkẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì. Bí ìjọba ti ń gbé wọn kiri ni àwọn kan dé ìhín. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni oníṣòwò dé: Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló pẹ̀lú aṣọ, ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó ní ẹ̀gbọ́n nínú rélùwéè kò ṣàì ní ibi tí yóò sùn.

Irin kò dúró ní Enugu. Ó dé Makurdi ní ọdún 1924. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1927, ó ti dé Kàdúná, ó sì pàdé ọ̀nà Èkó. Odò Benue ṣì wà láàárín. Pọ́ńtù ni ó ń gbé ọkọ̀ sọdá títí wọ́n fi ṣí afárá Makurdi ní ọdún 1932, afárá tí ó gùn tó nǹkan bí ìdajì máìlì. Láti ìgbà náà ni alùbọ́sà, ẹ̀wà àti iṣu òkè ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ogbete láìdúró.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí ó wọ inú ilẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ní Iva Valley, ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn awakùsà tí ń jà fún owó iṣẹ́ wọn. Ènìyàn 21 kú. Nígbà tí àwọn olóṣèlú kó ara wọn jọ láti gba ẹjọ́ àwọn òkú náà rò, Dókítà Akinola Maja, ọmọ Yorùbá, ni wọ́n fi ṣe alága. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ yín. Ọjọ́ tí ẹkún wọ ilé onílé wa, àwa náà sunkún.

Ìgbà ń yí. Wọ́n rí epo ní Oloibiri ní ọdún 1956. Rélùwéè fi èédú sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó dísù. Ogun 1967 dé, kòtò èédú kún fún omi. Àwọn bàbá wa sá pẹ̀lú ẹrù orí nìkan. Ìwé ìpàdé àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ wa sọnù níbẹ̀, a kò sì rí i mọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá wa padà ní ọdún 1970, ìyá kan tí a jọ ń gbé àdúgbò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, ó ní, "Mo bá ọ tọ́jú rẹ̀." Ẹ̀rọ náà ni a fi rán aṣọ ilé ìwé wa.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, fèrè ọkọ̀ ojú irin ni aago wa. Bí ó bá ti fọn, ìyá wa á ní kí a kó àwo kalẹ̀, èrò ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni fèrè náà dákẹ́, koríko sì bo irin. Ọ̀pọ̀ nínú wa kó lọ sílé. Àwa tí a kù, kì í ṣe rélùwéè ni ó dá wa dúró mọ́. A ti gbọ́ èdè, a ti fẹ́ ọmọ ara wa, òwò wa ti wọ mọ́tò. Ní ọdún 2024, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Port Harcourt àti Aba. Àdúrà wa ni pé kí ó tún dé ìhín.

Nítorí náà, gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kọ́ yìí kì í ṣe ibi ìjó nìkan. A fẹ́ yàrá kan níbẹ̀ tí ó ní kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Bí ẹ bá ní fọ́tò bàbá yín nínú aṣọ rélùwéè, tàbí ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ẹ gbé e wá kí ikán tó jẹ ẹ́. Àwọn àgbà tí ó mọ̀ kò pọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ní owó, kí ó mú owó wá. Ẹni tí ó bá ní ìtàn, kí ó mú ìtàn wá. Bí wọ́n bá tún bi ọmọ wa ní ìbéèrè yẹn, kí ó lè dáhùn láìsunkún.