Owó Ìfẹ̀yìntì Tí A Ń Yọ Lára Owó Oṣù

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ìlú ńlá. Ẹlòmíràn sì wà níhìn-ín tí òun tìkára rẹ̀ ń múra àtiwọ ilé-iṣẹ́. Nígbà tí òṣìṣẹ́ titun bá gba owó oṣù àkọ́kọ́, ẹnu a máa yà á pé owó náà kò pé iye tí ó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Òmíràn a tilẹ̀ ní akọ̀wé owó ti rẹ́ òun jẹ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó bú akọ̀wé.

Bí wọ́n bá yọ owó orí, ìyẹn ti di ti ìjọba. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì kò rí bẹ́ẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ ni. Ní 2004 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe òfin pé kí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ jùmọ̀ máa fi owó pamọ́ de ọjọ́ ogbó, wọ́n sì fi òfin titun rọ́pò rẹ̀ ní 2014. Ó de àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àti ilé-iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15. Kí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ bèèrè bí ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ti ṣe é.

Owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni a ń rò pọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 100,000 náírà, a ó yọ 8,000 lára ti òṣìṣẹ́, ọ̀gá yóò sì mú 10,000 jáde láti àpò ara rẹ̀ fi kún un, ó kéré tán. Ẹni tí ń ráhùn nítorí 8,000, ǹjẹ́ ó rántí 10,000 yẹn?

Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò yan ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ṣe àkóso owó náà, kì í ṣe ọ̀gá. Wọn yóò fún un ní nọ́ńbà kan tí lẹ́tà PEN ṣáájú rẹ̀. Bí ó pààrọ̀ iṣẹ́ nígbà mẹ́wàá, nọ́ńbà kan náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun ni nìyí. Bí alájọ bá gba owó lọ́wọ́ wa, ojú wa ni ó ti ń sàmì sí káàdì. Níhìn-ín, àwọn ọ̀gá kan wà tí ń yọ owó òṣìṣẹ́, tí wọn kò sì san án síbi tí ó yẹ. Òfin ní kí ó dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí a san owó oṣù. Bí ó bá pẹ́, ìtanràn wà, tí kò gbọdọ̀ dín ní náírà 2 lórí 100 lóṣooṣù, sínú àpamọ́ òṣìṣẹ́ náà sì ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀, bí olówó kò bá bèèrè? Nítorí náà kí òṣìṣẹ́ máa gba ìwé àkọsílẹ̀ àpamọ́ rẹ̀, kí ó fi wé ìwé owó oṣù. Bí wọn kò bá bá ara mu, kí ó kọ̀wé sí PenCom, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe alábòójútó gbogbo rẹ̀.

Ní gbogbogbòò, owó náà kò ṣeé mú kí ènìyàn tó fẹ̀yìn tì tàbí kí ó tó pé ẹni 50 ọdún. Síbẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, tí kò sì rí òmíràn fún oṣù 4, lè gbà tó ìdá mẹ́rin kan nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ yín bá wálé fún Kérésìmesì tàbí Iléyá, ẹ bi í léèrè nọ́ńbà rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó bèèrè lọ́wọ́ akọ̀wé owó ní ọjọ́ tí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́.