Sìgá Oníbátìrì àti Ìwé Ara Ògiri

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ kò ju ojú ìwé kan lọ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́bàá ibi tí a ti ń fọwọ́ sí ìwé láàárọ̀, ní ilé iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wà. A kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí a ṣì ń bá àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí ìwé náà wí ni pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá sìgá oníbátìrì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọgbà, ìbáà jẹ́ nínú ilé, ìbáà jẹ́ ní ìta gbangba, ìbáà jẹ́ nígbà ìsinmi ọ̀sán, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni náà nìyẹn. Kò sí ìkìlọ̀ kìíní, kò sí ìkìlọ̀ kejì. Wọn kò sì pe aṣojú òṣìṣẹ́ kankan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn àgbà tó jókòó níbí lè máa béèrè pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun èlò kékeré kan ni, òmíràn kò ju bírò lọ. Bátìrì wà nínú rẹ̀, omi kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n po nicotine mọ́, èròjà tó wà nínú ewé tábà tó ń mú kí ó di bárakú. Bí ènìyàn bá fà á, bátìrì á mú omi náà gbóná, á di oru, oru náà ni yóò fà sínú. Kò sí ìṣáná, kò sí eérú. Àwọn ọmọ wa ń pè é ní vape. Apòògùn ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Hon Lik ló gbé e jáde ní 2003. Amusìgá ni òun fúnra rẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló sì pa bàbá rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ya òfin ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára òfin ọ̀gá. National Tobacco Control Act, tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní 2015, ti de mímu sìgá níbi iṣẹ́ tó wà lábẹ́ òrùlé àti nínú ọkọ̀ èrò. Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2014, nígbà Gómìnà Fashola. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Èkó mọ̀ ọ́n. Àwa kò bá òfin wọ̀nyí jà. Ẹni tó ń mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn, ẹ̀dọ̀fóró ẹni ẹlẹ́ni ló ń bà jẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò sì lè gbè é. Ṣùgbọ́n ìwé ara ògiri yìí kì í ṣe òfin ìjọba. Mánéjà ló kọ ọ́. Ohun tí mánéjà bá sì kọ, a lè bá a jókòó lé e lórí.

Àwọn ta ni ìwé náà mú? Àwọn tí a mọ̀ nínú wa tí wọ́n ń lo nǹkan yìí kì í ṣe ọmọdé tó ń ṣe fàájì. Àwọn tó ti mu sìgá fún ogún ọdún ni, tí ikọ́ ń jí wọn láàárọ̀, tí ìyàwó ti bẹ̀, tí dókítà ti kìlọ̀, tí wọ́n ti jáwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n sì tún padà sídìí rẹ̀. Oníbátìrì yìí ni wọ́n fi ń gba sìgá lẹ́nu ara wọn, bí ìyá ti ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ìwé náà fẹ́ lé lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ pé ó ń ranni lọ́wọ́ láti jáwọ́ kì í ṣe ìtàn gáréèjì. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Ìlú Ọba gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde nínú New England Journal of Medicine. Nǹkan bí 900 amusìgá tó fẹ́ jáwọ́ ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní oníbátìrì, wọ́n fún apá kejì ní àwọn oògùn nicotine tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara àti èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu bíi ṣingọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ọdún kan, 18 nínú 100 àwọn tó gba oníbátìrì ni kò mu sìgá mọ́. Ní apá kejì, wọn kò pé 10 nínú 100. A kò ní fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín: nínú àwọn tí oníbátìrì gbà sílẹ̀, 80 nínú 100 ṣì ń fa òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọdún náà.

Ní 2016, Public Health England, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìlera ará ìlú níbẹ̀ nígbà náà, kọ ìmọ̀ràn sí àwọn agbanisíṣẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n má ka oníbátìrì àti sìgá sí ohun kan náà, kí wọ́n má sì lé ẹni tó ń fa oníbátìrì lọ sí igun tí àwọn amusìgá wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáwọ́ nínú sìgá rí mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá ti ẹni tó ń jáwọ́ sí àárín àwọn tó ń mu ún, kí òórùn rẹ̀ máa fẹ́ sí i nímú lọ́sàn-án gbogbo, oṣù mélòó ni yóò lò kó tó ní kí wọ́n fún òun ní ẹyọ kan?

Ẹ má rò pé a wá polówó ọjà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ràn nǹkan yìí rárá. Ní oṣù Kejìlá 2023 wọ́n ké sí gbogbo ìjọba pé kí wọ́n ṣọ́ ọ, pàápàá nítorí àwọn ọmọdé tó ń kó sínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní 2019, àwọn tó fa ayédèrú kún ilé ìwòsàn. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2020, wọ́n ti lé ní 2,800, 68 sì ti kú. Oje igbó tí wọ́n lú pẹ̀lú vitamin E acetate ni wọ́n rí nídìí èyí tó pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tí kò mu sìgá rí, kò ní ohunkóhun tó ń wá lọ síbẹ̀. Àwọn oníléeṣẹ́ sìgá náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa. Ní oṣù Kejìlá 2023 ni FCCPC kéde pé British American Tobacco, tó ní ilé iṣẹ́ ní Ìbàdàn, yóò san 110 mílíọ̀nù dọ́là nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣòwò nílẹ̀ yìí. Àwọn yẹn náà sì ń ta oníbátìrì.

Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. India fi òfin de oníbátìrì pátápátá ní 2019. Sìgá tí wọ́n ń ṣáná sí ṣì wà lórí àtẹ. New York, Chicago àti Los Angeles fi oníbátìrì sábẹ́ òfin sìgá wọn ní 2014, ẹlòmíràn lè fi ìyẹn dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ló jókòó lé e lórí níbẹ̀, wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tó fẹ́ àti ẹni tó kọ̀, owó ìtanràn sì ni ìyà rẹ̀. Níbí, bébà kan ni, ìyà rẹ̀ sì ni oúnjẹ ọmọ.

Ohun tó wá ń dùn wá jù nìyí. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dọ̀fóró wa tó báyìí, kí ló ṣe nípa lẹ́búlẹ́bú igi? Láti 1995 ni àjọ tó ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ lẹ́búlẹ́bú igi sínú àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ní 2012, wọ́n fi èéfín ẹ̀rọ dísù kún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń la gẹdú, ta ló fún yín ní ìbomú tuntun lọ́dún yìí? Ẹ̀yin tí jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín sí lára láti ìgbà tí iná bá ti lọ títí ẹ ó fi ṣíwọ́, ìwé wo ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nítorí yín? Ìyẹn ń ná ọ̀gá lówó. Bébà àti gọ́ọ̀mù kò ná an ní nǹkan kan.

Níbi tí ìdènà ti tọ́, àwa fúnra wa ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin dírẹ́bà táńkà tí ẹ ń gbé epo ní Mosimi, kí ẹnikẹ́ni má mú un jáde nítòsí epo. Bátìrì rẹ̀ a máa gbiná. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ní ní 2015 pé kí wọ́n má fi í sínú ẹrù tó ń lọ sí ikùn ọkọ̀ òfuurufú. Ibi tí lẹ́búlẹ́bú igi bá ti pọ̀, kó má dé ibẹ̀. Nínú mọ́tò tí èrò wà, rárá, nítorí o kò mọ aboyún tó jókòó sẹ́yìn rẹ. Nínú yàrá tí a jọ ń jẹun, bí ẹnì kan bá ní òun kò fẹ́ ẹ, kí oníbátìrì jáde.

Ohun tí a gbé lọ bá àwọn ọ̀gá kò pọ̀. Kí wọ́n fa ìwé náà ya, kí wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn aṣojú wa, kí a jọ kọ òmíràn. Kí ibì kan wà ní ìta gbangba, tí kì í ṣe igun àwọn amusìgá, tí ẹni tó ń fi oníbátìrì jáwọ́ lè dúró sí nígbà ìsinmi. Kí ẹni tó bá rú àdéhùn náà gba ìkìlọ̀ bí ti ẹ̀ṣẹ̀ kékeré yòókù, kó má jẹ́ pé ìlékúrò ni àkọ́kọ́. A sì fi ọ̀rọ̀ ìbomú àti òpó èéfín jẹnẹrétọ̀ sínú ìwé kan náà. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró, kí a sọ gbogbo rẹ̀ tán. Bí wọ́n bá kọ̀, láti ìgbà àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin Nàìjíríà ní 2010 ni National Industrial Court ti ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìwà tí kò tọ́ sí òṣìṣẹ́. A mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fún ní ìwé ẹ̀sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó má dá fọwọ́ sí i, kó má sì fi ìbínú dá wọn lóhùn. Kó gbé ìwé náà tọ akọ̀wé ẹ̀ka wa wá lọ́jọ́ náà gan-an, kí a jọ kọ èsì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ̀ pé lẹ́búlẹ́bú tàbí èéfín ń yọ yín lẹ́nu níbi iṣẹ́, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.