Ọmọ Tí A Kọ Sílẹ̀ Ni A Kà

Àwọn àgbà ní, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Síbẹ̀, kíkà ni ó sọ Igbó-Ọrà di olókìkí. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera sílẹ̀ ní Ìbàràpá. Ní 1969, Dókítà Nylander kéde pé nínú 1,000 ìbí níbẹ̀, nǹkan bí 45 jẹ́ ti ìbejì. Láti 2011 ni Max Roser ti bẹ̀rẹ̀ Our World in Data, tí ń fi irú òǹkà bẹ́ẹ̀ han gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ sílẹ̀ kò sí nínú òǹkà. Ta ni yóò ka abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ọn? Ẹni tí ó bá bímọ, ìbáà ṣe ní abà Èrúwà, kí ó tètè fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn.